Láti Ẹnu Agbaninímọ̀ràn dé Ọwọ́ Oníṣòwò

Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún àwọn olùgbọ́ wa ní ẹkùn omi Ìlàjẹ

Ẹ̀yin ará Mahintedo, ẹ̀yin ará Ìgbókòdá, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ so ọkọ̀ mọ́ èbúté, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan àwọn ọmọ wa tí wọ́n kàwé jìnnà, ó sì kan àwọn òbí tí wọ́n ta ẹja, tí wọ́n hun ẹní, kí àwọn ọmọ náà lè rí owó ilé ẹ̀kọ́ san.

Ká ní ọmọ yín kan wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ́nù. Ó gboyè ní yunifásítì, ilé iṣẹ́ ńlá kan tí ń gba àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn nímọ̀ràn sì gbà á síṣẹ́. Owó oṣù dára. Lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́ta, ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ òwò, ó gba oyè MBA. Ọkàn yín balẹ̀ pé ó ti gúnlẹ̀. Àfi bí ó ṣe pè yín lọ́jọ́ kan pé òun fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, pé òun àti ọ̀rẹ́ òun méjì fẹ́ dá ilé iṣẹ́ tuntun sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní startup. Tàbí pé òun ń lọ bá àwọn olùdókòòwò ṣiṣẹ́, àwọn tí ń fi owó ti irú ilé iṣẹ́ tuntun bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ ó mí kanlẹ̀, ẹ ó ní, "Ṣé kò sí nǹkan?"

Kò sí nǹkan. Ọ̀pọ̀ ti gba ọ̀nà yẹn rí, àwọn kan sì gbà á débi tí gbogbo Áfíríkà fi mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ mi, tí n kò ní fi pa mọ́ fún yín, ni pé láti orí ìmọ̀ràn kò sí ọ̀nà àbùjá kankan dé orí owó. Òwò wà láàárín: ọjà tí a fi ọwọ́ ara ẹni rà, òṣìṣẹ́ tí a san owó oṣù fún, gbèsè tí a sin. Ẹni tí ó bá fo ìyẹn ni yóò kàn án níwájú.

Kí ni iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn yìí gan-an? Ọ̀jọ̀gbọ́n kan nínú ìṣirò owó ní Yunifásítì Chicago, James McKinsey, ló dá ilé iṣẹ́ tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1926. Lónìí, McKinsey, Boston Consulting Group àti Bain ni wọ́n máa ń dárúkọ ṣáájú, àwọn ilé iṣẹ́ aṣírò owó bíi PwC, KPMG àti Deloitte náà sì ń ṣe é. Ẹ wo bí ó ṣe ń lọ. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kan rí i pé ọkọ̀ akẹ́rù òun ń pẹ́ jù, ó ránṣẹ́ pè wọ́n. Ọ̀dọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún dé, wọ́n dúró sẹ́nu géètì láti ìdájí, wọ́n ń kọ wákàtí tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wọlé, wákàtí tí ó jáde, iye àpò tí ó gbé, orúkọ ẹni tí ó buwọ́ lu ìwé. Wọ́n bi awakọ̀, wọ́n bi akọ̀wé, wọ́n bi ọ̀gá pátápátá. Lóru, nínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n da gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n wá ibi tí ìdádúró ti ń wá àti iye tí ó ń ná ilé iṣẹ́ náà. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti kà á fún àwọn ọ̀gá, iṣẹ́ parí. Bí ilé iṣẹ́ náà tẹ̀ lé ìmọ̀ràn, bí kò tẹ̀ lé e, owó wọn pé.

Ẹ má fojú kéré iṣẹ́ yìí o. Ẹni tí ó bá ṣe é fún ọdún mẹ́ta yóò mọ bí a ṣe ń tú ọ̀rọ̀ tó díjú palẹ̀, yóò mọ ìṣirò, yóò mọ bí a ṣe ń sọ òótọ́ fún ọ̀gá láìyájú. Yóò rí inú báńkì, inú ilé ìwòsàn, inú ilé iṣẹ́ epo, kí ó tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ohun tí kò ní rí níbẹ̀ ni ìrora olówó. Ẹlẹ́rù ní í gbé ẹrù ká tó bá a ké ọfẹ, wọ́n ní. Agbaninímọ̀ràn kì í ṣe ẹlẹ́rù. Kò jí lóru rí láti ronú ibi tí owó oṣù ọ̀la yóò ti wá. Ọjà kò bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Oníbàárà kò gbé ẹrù rẹ̀ lọ kó má sanwó rí. Nǹkan wọ̀nyí kò sí nínú ìwé kankan, bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ òwò kò lè fi kọ́ni tán, ì báà jẹ́ Wharton tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1881, tàbí Harvard ti 1908, tàbí Lagos Business School ti 1991 tí ó wà ní ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ lọ́dọ̀ tiwa.

Ohun kan wà nípa ilé ẹ̀kọ́ òwò tí òbí gbọ́dọ̀ mọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn ló máa ń san owó MBA fún òṣìṣẹ́ wọn, tí wọ́n á sì ní kí ó padà wá sìn fún bíi ọdún méjì. Ẹni tí kò bá padà ni yóò san owó náà fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ bá ní òun ń lọ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní kété tí òun jáde, ẹ kọ́kọ́ bi í ẹni tí ó sanwó ilé ẹ̀kọ́. Gbèsè tí ó wà lọ́rùn kì í jẹ́ kí èèyàn ronú dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ àwọn tí wọ́n ti rìn ín. Fred Swaniker, ọmọ Gánà, ṣiṣẹ́ ní McKinsey ní Gúúsù Áfíríkà kí ó tó lọ gba MBA ní Stanford. Nígbà tí ó jáde ní 2004, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá African Leadership Academy sílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tí ń kó àwọn ọmọ tó mọ̀wé jọ láti gbogbo Áfíríkà. Ọdún 2008 ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí nítòsí Johannesburg. Ẹ ṣàkíyèsí ọdún mẹ́rin tó wà láàárín. Owó ni wọ́n ń wá kiri nínú ọdún wọ̀nyẹn, ilẹ̀ ni wọ́n ń wá, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń wá, kí kíláàsì kan tó bẹ̀rẹ̀.

Ní Èkó, ní 2012, Jumia bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn Faransé méjì tí wọ́n ṣáájú rẹ̀, Jeremy Hodara àti Sacha Poignonnec, ti ṣiṣẹ́ ní McKinsey rí. Tunde Kehinde àti Raphael Afaedor, tí wọ́n bá wọn dá ẹ̀ka ti Nàìjíríà sílẹ̀, Harvard ni wọ́n ti gba MBA. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ ìṣirò dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rántí ìgbà yẹn mọ̀ pé ará Nàìjíríà kò fẹ́ san owó ọjà tí kò tíì fojú rí. Wọ́n ní láti gbà kí oníbàárà sanwó lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, kí wọ́n wá ọlọ́kadà tí yóò gbé ẹrù, kí wọ́n sì máa wá ojúlé kiri ní àdúgbò tí ilé kò ní nọ́ńbà. Ní oṣù April 2019, Jumia wọ ọjà ìpín ìdókòòwò ní New York, ìròyìn sì kún ilẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ó ti kéde pé òun ń kógbá wọlé ní Cameroon, Tanzania àti Rwanda. Àwọn Faransé méjèèjì kúrò nípò ní 2022, pẹ̀lú gbogbo bí ilé iṣẹ́ náà ṣe tóbi tó, kò tíì jèrè lódindi ọdún kan títí di ìgbà náà. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Ẹni tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin Ìlàjẹ tí wọ́n ń gbọ́ mi fi ṣe àwòkọ́ṣe ni Ndidi Okonkwo Nwuneli. Ó kàwé ní Wharton, ó ṣiṣẹ́ ní McKinsey ní Chicago, ó gba MBA ní Harvard ní 1999. Iyán ti gún, ọbẹ̀ ti délẹ̀ fún un ní Amẹ́ríkà. Àmọ́ ní 2000 ó wá sílé, ó di olùdarí àkọ́kọ́ fún FATE Foundation, àjọ tí Fọlá Adéọlá, ọmọ Abẹ́òkúta tí òun àti Táyọ̀ Adérìnókun jọ dá Guaranty Trust Bank sílẹ̀ ní 1990, gbé kalẹ̀ láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní òwò ṣíṣe. Ní 2002 ó dá LEAP Africa sílẹ̀, tí ń kọ́ ọ̀dọ́ ní aṣáájú. Ní 2009, òun àti ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ AACE Foods, ilé iṣẹ́ tí ń ra ata àti èròjà ọbẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀, tí ń sá a gbẹ, tí ń lọ̀ ọ́, tí ń dì í fún títà. Ata gidi ni mo ń sọ o, ata tí ó lè jẹrà bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lọ́nà, tí àgbẹ̀ sì lè tà fún ẹlòmíràn bí owó bá pẹ́. Ẹ̀yìn tí wọ́n ti fọwọ́ kan ìyẹn ni orúkọ Sahel Capital, tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ dá sílẹ̀, wá di ńlá. Ní 2014, Sahel Capital di alákòóso àpò ìdókòòwò fún iṣẹ́ àgbẹ̀, tí ìjọba Nàìjíríà àti báńkì KfW ti Jámánì wà nídìí rẹ̀. Àpò náà tó bíi mílíọ̀nù 66 dọ́là.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó: ìmọ̀ràn, ilé ẹ̀kọ́, àjọ, ata, kí owó àwọn ẹlòmíràn tó dé ọwọ́ wọn láti pín. Bí àgbẹ̀ kan bá wá bá irú èèyàn bẹ́ẹ̀ pé òjò ló ba nǹkan jẹ́, yóò mọ ìgbà tí ó jẹ́ òótọ́ àti ìgbà tí ó jẹ́ àwáwí. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tí kò ta nǹkan kan rí, tí ó kàn jókòó sórí tábìlì olùdókòòwò tí ó ń bi oníṣòwò ní ìbéèrè, kò lè mọ̀ ọ́n.

Ní báyìí, kí ni àwọn olùdókòòwò wọ̀nyí ń ṣe? Ní etí omi tiwa níbí, ẹni tí ó ni ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì àti àwọ̀n lè má lọ sójú omi fúnra rẹ̀. Àwọn apẹja á kó o lọ. Bí wọ́n bá dé, wọ́n á yọ owó epo, wọ́n á pín ìyókù: ìpín ọkọ̀ wà, ìpín ẹ́ńjìnnì wà, ìpín àwọ̀n wà, ìpín àwọn tí ó lọ wà. Bí ẹja kò bá sí, kò sẹ́ni tí yóò dá owó kankan padà fún olówó. Bí ẹ bá mọ ìyẹn, ẹ ti mọ ìdajì iṣẹ́ olùdókòòwò. Kódà nínú ìtàn Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ tọpa òwò yìí dé èbúté New Bedford ní Massachusetts ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, níbi tí àwọn alágbàtà ti ń gba owó jọ lọ́wọ́ olówó láti fi rán ọkọ̀ lọ pa àbùùbùtán. Ọkọ̀ a máa lo ọdún mélòó kan lójú òkun. Àwọn kan kì í padà. Àwọn kan á kó ọrọ̀ tí yóò san ti gbogbo ìyókù wálé. Ìpín nínú ohun tí wọ́n bá rí ni àwọn atukọ̀ náà sì ń gbà.

Georges Doriot, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ òwò Harvard, ló gbé òwò náà dé ojú tí a fi mọ̀ ọ́n lónìí. Ní 1946, òun àti àwọn mìíràn dá ilé iṣẹ́ ìdókòòwò kan sílẹ̀ ní Boston. Ní 1957 wọ́n fi 70,000 dọ́là sínú Digital Equipment, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbérí. Nígbà tó yá, ìpín wọn níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 350 dọ́là. Ẹyọ ilé iṣẹ́ kan yẹn ló bo àṣìṣe ọ̀pọ̀ mìíràn mọ́lẹ̀.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí mi dáadáa, torí ìṣirò rẹ̀ ló ń da àwọn ọmọ wa láàmú. Ká ní àpò olùdókòòwò kan jẹ́ mílíọ̀nù 20 dọ́là. Kì í ṣe owó ti àwọn tí ń ṣàkóso rẹ̀. Owó àwọn ọlọ́rọ̀ ni, tàbí ti àjọ ìfẹ̀yìntì, tàbí ti báńkì ìdàgbàsókè. Àwọn alákòóso sábà máa ń yọ ìdá 2 nínú 100 lọ́dọọdún fún owó oṣù àti ọ́fíìsì, ìyẹn 400,000 dọ́là. Àpò náà sábà máa ń ní ọdún 10. Bí gbogbo owó olówó bá ti padà, tí èrè sì wà, àwọn alákòóso á mú ìdá 20 nínú 100 èrè náà. Ọ̀pọ̀ nínú ilé iṣẹ́ tí wọ́n bá fi owó sí ni yóò kú tàbí kí ó máa rá pálá. Nítorí náà, ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò dá gbogbo owó náà padà fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ìdá 10 nínú 100 nínú ọ̀kan yẹn, àfi kí wọ́n tà á ní mílíọ̀nù 200 dọ́là kí ìpín wọn tó pé mílíọ̀nù 20. Paystack, tí Shọlá Akínlàdé àti Ezra Olúbí dá sílẹ̀ ní 2015, ni Stripe ti Amẹ́ríkà rà ní 2020 ní iye tó lé ní mílíọ̀nù 200 dọ́là, gbogbo Nàìjíríà sì hó yè. Ìdí tí wọ́n fi hó ni pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ó dára. Ká wá ní ọmọ Mahintedo kan fi iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn sílẹ̀, ó fẹ́ máa ra ṣáwá àti edé lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa, kí ó yan án dáadáa, kí ó dì í sínú ọ̀rá tó mọ́, kí ó máa kó o lọ sí Èkó àti Ìbàdàn. Òwò tó dára ni. Ó lè gba ogún obìnrin síṣẹ́, ó lè kọ́lé, ó lè rán ọmọ lọ sí yunifásítì. Ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 200 dọ́là kò sí nínú rẹ̀, olùdókòòwò kò sì ní fi owó sí i. Kò túmọ̀ sí pé òwò náà kò wúlò. Irú owó yẹn ni kì í ṣe tirẹ̀. Ohun tí ó máa ń bà mí nínú jẹ́ ni kí ọmọ tó ti kọ́ bí a ṣe ń kọ ìwé dáadáa lo ọdún méjì gbáko láti máa kọ̀wé sí àwọn olùdókòòwò nípa òwò tí ó yẹ kí ó ti fi èrè tirẹ̀ gbé dìde.

A ò ní láti lọ jìnnà ká tó rí ẹ̀rí. Ayétòrò wà létí òkun níbí. Nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ ìlú náà dó ní 1947, kò sí olùdókòòwò kankan lẹ́yìn wọn. Wọ́n pa iṣẹ́ pọ̀, wọ́n pa owó pọ̀, ohun tí ẹja bá mú wá ni wọ́n fi ń kan ọkọ̀, tí wọ́n fi ń dá ilé iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, tí wọ́n fi gbé iná mọ̀nàmọ́ná wọ ìlú nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kò tíì ní i. Àwọn ọ̀mọ̀wé wá láti òkè òkun láti wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Nígbà tó yá, wọ́n gbà kí olúkúlùkù máa ṣòwò tirẹ̀. Òkun ló ń jẹ ìlú náà báyìí, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀ràn tó yẹ kí ìjọba ti dá sí tipẹ́. Àmọ́ ohun tí wọ́n fi èrè ara wọn kọ́ ní ogún ọdún àkọ́kọ́ yẹn, ẹ̀kọ́ ni fún ẹnikẹ́ni tí ó ní òun kò lè bẹ̀rẹ̀ àfi bí wọ́n bá fún òun ní mílíọ̀nù.

Bí òwò bá wá jẹ́ irú èyí tí owó olùdókòòwò tọ́ sí, ìwé ni kí a kà kí a tó fọwọ́ sí i. Ilẹ̀ Mahin mọ ohun tí mo ń sọ. Ní 1885, ilé iṣẹ́ G. L. Gaiser láti Hamburg, tí ń ra epo àti èkùrọ́ ní Èkó, gba ìwé lọ́wọ́ Amapetu, ọba Mahin, lórí ilẹ̀ etí òkun yìí, aṣojú ìjọba Jámánì, Gustav Nachtigal, sì ṣe àdéhùn ààbò pẹ̀lú ọba ní oṣù January ọdún náà. Ọdún náà kò tíì parí tí Jámánì fi yọ̀ǹda ilẹ̀ náà fún Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí ó ni ilẹ̀ kọ́ ni wọ́n jókòó sídìí ìpinnu yẹn.

Nínú ìwé àwọn olùdókòòwò ìsinsìnyí, gbólóhùn kan máa ń wà pé, bí wọ́n bá ta ilé iṣẹ́, owó tí olùdókòòwò mú wá ni wọn yóò kọ́kọ́ yọ. Ó dà bí ohun tó tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó báyìí. Olùdókòòwò mú mílíọ̀nù 1 dọ́là wá, ó gba ìdá 20 nínú 100. Ọdún mẹ́rin kọjá, nǹkan kò lọ déédéé, wọ́n ta ilé iṣẹ́ náà ní mílíọ̀nù 1 péré. Ẹni tí ó dá a sílẹ̀ rò pé ìdá 80 ni tòun. Rárá o: olùdókòòwò yóò kó mílíọ̀nù náà lọ tán, ẹni tí ó lo ọdún mẹ́rin yóò sì lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Kò sí ìwà jìbìtì níbẹ̀. Ó wà nínú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ buwọ́ lù. Ọmọ tí ó ti ṣe agbaninímọ̀ràn yẹ kí ó lè ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ ju ẹlòmíràn lọ, kí ó sì san owó lọ́yà láìjanpata.

Owó púpọ̀ náà kì í sì í gbani. Ilé iṣẹ́ 54gene, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2019 láti ṣe ìwádìí àbùdá ara àwọn èèyàn Áfíríkà nítorí oògùn, rí owó tó lé ní mílíọ̀nù 40 dọ́là gbà. Ẹni tí ó dá a sílẹ̀, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó ti ṣe iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn rí, ní èrò tó jinlẹ̀. Ní 2023, ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé. Mo ṣì gbà pé iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe yẹ ní ṣíṣe.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ọgbọ́n kò parí sọ́dọ̀ àwọn tó gba MBA. Nnaemeka Ikegwuonu, ará Òwérrì, rédíò ló fi bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣe ètò fún àwọn àgbẹ̀. Ìdí iṣẹ́ yẹn ló ti rí i bí ẹ̀fọ́ àti èso ṣe ń jẹrà lọ́jà. Ní 2015 ó gbé ColdHubs jáde: yàrá tútù tí oòrùn ń fún ní iná, tí wọ́n gbé sínú ọjà. Ẹni tí ó ní ọjà kò ní láti ra ẹ̀rọ kankan. Náírà 100 ni wọ́n ń gbà níbẹ̀rẹ̀ lórí àpótí kan fún ọjọ́ kan. Ẹ̀yin ẹlẹ́ja wa, ẹ mọ ohun tí yàrá tútù jẹ́ ní ilẹ̀ tí iná ìjọba ti ṣọ̀wọ́n tó báyìí. Ó yẹ kí ọmọ Ìlàjẹ kan ti máa ronú lé e lórí.

Òfin náà ti rọ̀ díẹ̀. Láti 2020, ẹnì kan ṣoṣo lè fi orúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, kò pọn dandan kí ó wá ẹnì kejì. Ní oṣù October 2022, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin startup ti Nàìjíríà; ilé iṣẹ́ tí kò tíì ju ọdún 10 lọ, tí ọmọ Nàìjíríà tó dá a sílẹ̀ sì ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́ta, lè gba ìwé ẹ̀rí lábẹ́ rẹ̀. Láti 2015 ni Tony Elumelu Foundation sì ti ń fún àwọn tí wọ́n bá yàn ní 5,000 dọ́là láti fi bẹ̀rẹ̀ òwò. Owó yẹn kò tó ra ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì ńlá, ṣùgbọ́n ó tó dán nǹkan wò.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá mú irú ọ̀rọ̀ yìí wá, ẹ má ṣépè, ẹ má sì kàn súre kẹ́ ẹ dákẹ́. Ẹ bi í ẹni tí yóò ra ohun tí ó fẹ́ tà, àti bóyá ẹni náà ti sanwó fún un rí, ì báà ṣe náírà ẹgbẹ̀rún kan. Ẹ bi í oṣù tí owó ọwọ́ rẹ̀ lè gbé e bí kò bá sí owó oṣù mọ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ olùdókòòwò ló ń lọ, ẹ bi í òwò tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe tí yóò fi lè dá ti ẹlòmíràn mọ̀. Bí ó bá dáhùn dáadáa, ẹ tì í lẹ́yìn. Bí kò bá rí i dáhùn, kò burú, kò tíì tó àkókò ni.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń gbọ́ mi lórí fóònù yín lókè òkun, ẹ̀bẹ̀ tèmi sí yín rèé. Ilé ẹ̀kọ́ òwò máa ń ní ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn gígùn láàárín ọdún kìíní àti ìkejì, tí gbogbo yín máa ń fi ṣe iṣẹ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ńlá. Ẹ fi ti ọdún yìí wá sílé. Ẹ fi owó ara yín ra ẹja lẹ́bàá omi ní Mahintedo, ẹ yan án, ẹ kó o wọ ọkọ̀, ẹ tà á ní ọjà Ìgbókòdá, kí ẹ sì kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sílẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Ẹ gbé ìwé yẹn lọ́wọ́ padà sí ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ tó pinnu bóyá ẹ ó fi iṣẹ́ sílẹ̀.